Ajá tí Ìyá Àgbà Pọ̀n kí Wọ́n Tó Pọ̀n Mí

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Minna, "àbúrò ajá" ni àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń pè mí. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ọ̀já aláró tí ìyá àgbà mi fi pọ̀n mí, òun náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi pọ̀n ajá, tí wọ́n sì gbé e gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Àgbà wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ wọn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n gidi ni. Àwọn tó ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ẹ̀gbọ́n tiwọn?"

Ìyá Àgbà ti lọ. A ti sin wọ́n, àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi ti kọrin, àlejò ti jẹun, wọ́n sì ti túká. Àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ní ìyá rere ni wọ́n, ní onígbàgbọ́ ni wọ́n, ní wọn kì í bá èèyàn jà. Níbi tí mo jókòó sí, inú ń bí mi. Ta ló ní wọn kì í bá èèyàn jà? Ìjà tí wọ́n jà gba ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ń pe ajá. Ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ajá náà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú èèyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́, tí kò mẹ́nu kan Ẹmáawòó, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé ọkọ wọn, Bàbá Àgbà, wá sí Minna, òun ló sì mú wọn wá. Nínú ilé kan náà ní àdúgbò Nassarawa ni Màmá Rúùtù ń gbé, ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà lóbìnrin, tó ti dé ìlú ṣáájú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ ni Màmá Rúùtù jẹ́ sí Ìyá Àgbà. Bí ọkọ bá sọ̀rọ̀, ìyàwó kì í fèsì. Orí ìkúnlẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti máa ń kí wọn láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ìyá Àgbà bí ọmọ mẹ́rin. Kò sí èyí tó dàgbà tó láti pè wọ́n ní ìyá. Wọ́n sin adìyẹ, àrùn wọ inú rẹ̀. Wọ́n sin ajá kan, ó jẹ májèlé tí ẹnì kan dẹ fún eku, ó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ajá yẹn sẹ́yìnkùlé, Màmá Rúùtù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n sì sọ ọ́ létí gbogbo ilé: "Ohun ẹlẹ́mìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yìí."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ajá. Màmá Rúùtù ti ń wojú ọmọbìnrin kan nínú ìjọ tí àbúrò wọn lè fẹ́, ohun tí wọn yóò fi ṣí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń wá. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀ ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Kò pẹ́ sígbà náà, obìnrin Gbagyi kan tó máa ń gbé igi ìdáná lé èjìká wá láti ọ̀nà Chanchaga gbé ọmọ ajá kan wá pẹ̀lú igi rẹ̀. Ajá pupa ni, akọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: Ẹmáawòó.

Ẹ mọ àṣà wa. Èsì tí ẹnu ò lè fọ̀ sí àgbà, ajá ni wọ́n fi ń sọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà á kúnlẹ̀ kí Màmá Rúùtù láàárọ̀, wọ́n á béèrè bí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n á dìde, wọ́n á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wá pariwo: "Ẹ máa wò ó! Ẹ máa wò ó o!" Ajá á sáré jáde, á gba ẹsẹ̀ Màmá Rúùtù kọjá, á máa ju ìrù. Kí ni Màmá Rúùtù fẹ́ sọ? Wọ́n pe àbúrò wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń bú àwọn. Bàbá Àgbà, ẹni tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ lóòjọ́, ro ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ajá ló ń pè."

Ó dùn, àbí kò dùn? Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀, Ìyá Àgbà sì mọ̀. Bí ajá yẹn bá kú ní kékeré bí èyí tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un ni wọn yóò fi máa ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́. Màmá Rúùtù yóò ní àwọn wò ó lóòótọ́, àwọn sì ti rí i. Ìyàwó tuntun yóò wọlé. Dandan ni kí Ẹmáawòó pẹ́ láyé, kó sì pẹ́ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, nítorí èyí tí mo fojú ara mi rí nínú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ará àdúgbò, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àwo ni wọ́n ń dà sílẹ̀ fún ajá. Ìyá Àgbà ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni: tùwó ọkà bàbà, omi ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, kò sí ata, iyọ̀ díẹ̀ báyìí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹun, kì í sì í yó bámú. Omi rẹ̀ mọ́ ju èyí tí àwa ọmọdé ń mu lọ. Eegun adìyẹ lọ́tàá wọn. Alàgbà kan wá jẹun nílé wa nígbà Kérésì, ó sì ju eegun sí ajá. Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá títí dé ọ̀fun, wọ́n yọ eegun náà, wọ́n gbé e padà sínú àwo alàgbà níwájú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ ẹ́ ná, alàgbà. Tí kò bá há yín lọ́fun, màá fún un."

Alàgbà náà ò tún wá jẹun nílé wa fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Àgbà ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ọjọ́ eégbọn. Wọ́n á tẹ́ ẹní síta, ajá á sùn gbalaja lórí itan wọn, wọ́n á máa yẹ inú etí rẹ̀ wò, abẹ́ ìrù, àlàfo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Eégbọn tí wọ́n bá rí, inú agolo kẹrosíìnì ló ń lọ. Wọ́n á wá fi àdí pa á lára. Tí wọ́n bá ṣe tán lọ́dọ̀ ajá ni wọ́n á tó pè mí kí n wá dirun. Orí ẹní kan náà! Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní kí ló dé tí ajá fi máa ń ṣáájú mi. Wọ́n fi ìyarun tẹ̀ mí lórí díẹ̀, wọ́n ní, "Òun ò lẹ́nu tó lè fi sọ ibi tó ń yún un. Ìwọ lẹ́nu, o sì ń lò ó jù."

Wọn kì í jẹ́ kó sùn sórí ilẹ̀ tútù. Lásìkò ọyẹ́, àpò ìdọ̀họ mẹ́ta ló ń sùn lé, wọ́n á sì fi òrí pa á nímú kó má baà là. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, àwọn àti ajá á rìn dé ojú irin, wọ́n á sì padà. Ọmọ tí wọ́n bá gbá mú pé ó ń gùn ún bí ẹṣin á gba ìgbátí. Kódà Bàbá Alfa, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ilé kejì, tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun kí òun tó kírun, òun gan-an ò rí ẹjọ́ rò. Ìyá Àgbà ti kọ́ Ẹmáawòó títí tí kì í fi í kọjá gọ́tà tó wà láàárín ilé méjèèjì. Á sáré dé etí gọ́tà, á sì dúró ṣinṣin. Bàbá Alfa máa ń mi orí, á ní, "Ikon Allah, agbára Ọlọ́run! Ajá yìí mọ ààlà ju àwọn ọmọ kéwú mi lọ."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nassarawa mọ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn débi pé mo lè búra pé mo wà níbẹ̀. Ajá dìgbòlugi kan bu èèyàn jẹ lápá ọjà. Àṣẹ jáde pé ajá kájá tí wọ́n bá rí tó ń rìn ní títì, kí àwọn dògárì, ìyẹn ọlọ́pàá ààfin, lù ú pa. Ajá tí dókítà ẹran bá ti gún lábẹ́rẹ́, tí wọ́n so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ lọ́rùn, òun nìkan ni wọn ò ní fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Chanchaga lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà. Ajá tí kò ní irin lọ́rùn, títì ni yóò rìn dé ibẹ̀, orí títì kan náà ni kùmọ̀ sì ti ń dúró dè é. Àwọn tó ní ajá ń wojú ara wọn. Ẹlòmíràn tú tirẹ̀ sílẹ̀ tẹkún tẹkún.

Màmá Rúùtù jáde síta, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, tú ajá yẹn sílẹ̀ kí wọ́n ṣe é kíá. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára rẹ. Mo ti sọ tèmi tipẹ́."

Ìyá Àgbà fi ọṣẹ wẹ Ẹmáawòó, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n fi ìró yí i ká, wọ́n fi ọ̀já aláró dì í pinpin, ọ̀já tí wọ́n ti fi pọ̀n ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọn ò rí tọ́ dàgbà. Wọ́n wá fi ìborùn tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bò ó lórí. Ẹ rántí pé ajá ti dàgbà nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ń fì lábẹ́ ìró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà léjìká wọn. Obìnrin tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́, òun ló pọ̀n ajá jáde yìí! Ẹ̀yin ẹ wo ohun tí ayé lè fi ìyẹn sọ. Àwọn obìnrin ilé bojú. Ẹnì kan ní ọpọlọ wọn ti dàrú. Bàbá Àgbà wọlé, ó dé fìlà, ó mú agboòrùn jáde, ó ṣí i lé ìyàwó rẹ̀ àti ajá lórí, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Nítòsí ibùdó ojú irin ni dògárì méjì ti dá wọn dúró. Ọ̀kan béèrè pé, "Mama, mene ne wannan?" Kí ló wà lẹ́yìn yín yẹn?

Ìyá Àgbà ní, "Goyo nake yi." Mo pọ̀n ọmọ ni.

Bí wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni Ẹmáawòó yọ orí lábẹ́ ìborùn, ó sì yán. Dògárì fò sẹ́yìn. Ó gbé kùmọ̀ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ìyá Àgbà ò mira. Wọ́n fi Hausa tí wọ́n gbọ́ lọ́jà sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ó fi Yorùbá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi: "Ajá tó bá ń rìn ní títì lẹ ní ẹ ó lù. Ajá mi ò rìn. Èmi ni mò ń rìn. Ẹ lù mí."

Kùmọ̀ dúró lókè. Dògárì kejì, tó jẹ́ àgbà, wo ajá, ó wo Ìyá Àgbà, ó wo Bàbá Àgbà tó di agboòrùn mú lẹ́yìn wọn bí ẹni ń sin ọba, ẹ̀rín sì pa á débi pé ó di ògiri mú. Ó ní, "Kai, Mama! Ku bar ta ta wuce." Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wọn dé Chanchaga, tó ń ya èèyàn sọ́tùn-ún sósì.

Dókítà ẹran bá wọn láàárín àwọn Fúlàní tó kó màlúù wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè orúkọ ọmọ, wọ́n sì sọ fún un. Wọ́n gún Ẹmáawòó lábẹ́rẹ́, wọ́n so irin mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti lè fẹsẹ̀ rìn délé nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà kọ̀, wọ́n tún pọ̀n ọ́n padà. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbabẹ́rẹ́ kì í rìn."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà Chanchaga kún fún ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Àwọn obìnrin pọ̀n tiwọn. Àwọn ọkùnrin, tí ojú ń tì láti pọ̀n, gbé tiwọn sínú bárò, sínú apẹ̀rẹ̀, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere. Àwọn dògárì ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ajá tó kú ní Nassarawa lọ́dún yẹn ò tó nǹkan. Nígbà tí Ìyá Àgbà padà délé lọ́jọ́ tiwọn, ajá ṣì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ níwájú Màmá Rúùtù, wọ́n ní, "A ti dé, ọkọ mi." Wọn ò pe ajá lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ìdí tí wọ́n á fi pè é.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbúròó ìyàwó tuntun mọ́. Ọmọbìnrin ìjọ yẹn lọ́kọ sí Kàdúná. Òyìnbó kó ẹrù wọn, a gba òmìnira, Ẹmáawòó ṣì ń lọ sí ojú irin láràárọ̀.

Ẹ lè máa bi mí pé, nígbà tí Ìyá Àgbà ò rọ́mọ tọ́, báwo ni mo ṣe wá di ọmọ-ọmọ wọn? Rúùtù ló bí mi, ọmọ Màmá Rúùtù kan ṣoṣo. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Rúùtù lọ́wọ́ ṣáájú mi. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀kẹta, wọ́n ní mi ò tóbi ju ọmọ ológbò lọ, mi ò sì lè mu ọmú. Ara Rúùtù náà ò yá, ẹ̀jẹ̀ ò sí lára rẹ̀. Gbogbo ilé ń dákẹ́ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti ń retí ohun tí wọn ò fẹ́ sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ń ránṣọ lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, ajá sùn sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Màmá Rúùtù jáde wá, wọ́n gbé mi lọ́wọ́. Wọn ò wọ bàtà, wọn ò wé gèlè. Wọ́n dúró níwájú maṣíìnì náà. Ìyá Àgbà fẹ́ kúnlẹ̀, Màmá Rúùtù fi ọwọ́ kan dì wọ́n mú pé kí wọ́n má kúnlẹ̀. Omi ti ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohun ẹlẹ́mìí ni mo gbé wá. Jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú rẹ̀ bí o ṣe tọ́jú ajá yẹn."

Gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà lè sọ lọ́jọ́ yẹn ló yẹ wọ́n. Wọ́n lè rán Màmá Rúùtù létí ẹnu ọ̀nà, àti erùpẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Wọ́n gbà mí, wọ́n gbé mi sí àyà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ajá jẹ́jẹ́. "Ẹmáawòó, dìde. Fún àbúrò rẹ láyè."

Ajá dìde kúrò lórí àpò. Orí àpò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ mi sí. Wọ́n ń kán wàrà sí mi lẹ́nu pẹ̀lú òwú, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí n yó bámú. Wọ́n ń fi òrí pa mí nímú. Omi mi mọ́. Wọ́n so mí mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀já aláró, wọ́n sì ń gbé mi rìn dé ojú irin láàárọ̀ kùtù, ajá níwájú, èmi lẹ́yìn. Rúùtù náà gbádùn, ó sì bí àwọn àbúrò mi lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tún sọ pé kí n kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Màmá Rúùtù tí mo mọ̀, ẹni tó ń lé àlejò ni wọ́n: "Ẹ má ju eegun sí ajá ilé wa!" Ohùn wọn ròkè ju ti Ìyá Àgbà lọ. Mo ti wà ní kíláàsì kẹta kí Ẹmáawòó tó kú. Gbogbo ojú rẹ̀ ti funfun, eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tùwó rírọ̀ ló ń jẹ. Ó sùn lórí àpò rẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì jí. Màmá Rúùtù ló kọ́kọ́ rí i, àwọn ló sì kọ́kọ́ sunkún. Ìyá Àgbà ń gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé, Màmá Rúùtù dúró lẹ́nu ọ̀nà kan náà tí wọ́n dúró sí nígbà ìjọ́sí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó pẹ́. Ó pẹ́ láyé." Ìyá Àgbà gbé ojú sókè, pẹ̀lú erùpẹ̀ lọ́wọ́ wọn. "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Níbi ìsìnkú Ìyá Àgbà, olùṣọ́-àgùntàn béèrè pé kí ọmọ olóògbé jáde wá bu erùpẹ̀ sí ibojì. Èèyàn méjì tí wọn ò mọ̀ wá dáadáa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi pé ìyá yìí ò bímọ, pé ohun ẹlẹ́mìí ò pẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Mo gbọ́. Mo tú gèlè mi kí wọ́n lè rí orí mi dáadáa, mo sì jáde lọ bu erùpẹ̀ náà. Ewú ti ń hù lórí mi. Ẹ máa wò ó.